Ta Ni Ó Ń Ro Oko Dúùkù?

Ìwé kan wà tí gbogbo wa mọ̀, bí a kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀. Èèpo rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀: obìnrin kan nínú aṣọ gígùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ bọ́ léjìká, ọkùnrin kan tí ó dì í mú, ilé olókùúta ńlá lẹ́yìn wọn, àti pápá tútù tí ó lọ títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìgbà rẹ̀, ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibùdó rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò lówó. Ọkùnrin náà jẹ́ dúùkù, ó ní owó, ó sì ní ìbànújẹ́. Wọn yóò kọ́kọ́ kórìíra ara wọn, wọn yóò jó pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò yóò pa wọ́n lójú ọ̀nà, kí ìwé sì tó parí, ìyàwó ti wọlé ọkọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè Faransé ni ó fi dé ọwọ́ wa, nínú àwọn ìwé kékeré tí a ń rà lórí àtẹ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu, tí ẹni mẹ́wàá ti kà kí ó tó kan ẹni kọkànlá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ wa. Àwọn àgbà kan ní kí a kó wọn kúrò lórí pẹpẹ ìwé wa. Wọ́n ní pàǹtírí òyìnbó ni, wọ́n ní wọ́n ń ba ọmọ jẹ́, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ àṣà kò gbọdọ̀ fi àyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé eré ni, pé ẹni tí ó ti ń ka ìwé ìdánwò láti àárọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn dídùn sinmi lálẹ́. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí kò lè dúró lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Àwọn àgbà rí i pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó nínú àwọn ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n na ìka sí ibi tí kì í ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ rí i pé ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ohun tí ó dùn kò lè tan ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn àgbà lóhùn, pẹ̀lú ìforíbalẹ̀. Ìfẹ́ kì í ṣe ọjà tí òyìnbó kó wá fún wa. Ẹkún ìyàwó ti wà kí ìwé tó dé. Àwọn ìyá wa sì ti ń kọrin nípa ọkọ, nípa orogún àti nípa ẹni tí ọkàn yàn tí ẹbí kọ̀, kí àwọn àlùfáà òyìnbó tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní àárín wa. Bákan náà, ìtàn ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Jane Austen, tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn wọ̀nyí ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, jẹ́ ọmọ àlùfáà ìgbèríko ní agbègbè Hampshire. A bí i ní 1775, ó kú ní 1817, kò sì lọ́kọ. Àwọn ìwé rẹ̀ tí ó jáde nígbà ayé rẹ̀ kò ru orúkọ rẹ̀. *Pride and Prejudice*, tí ó jáde ní 1813, tí gbogbo ayé ń kà títí di òní, pọ́n-ùn 110 péré ni ó gbà lọ́wọ́ atẹ̀wé tí ó tà á fún.

Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Baba kan bí ọmọbìnrin márùn-ún, kò bí ọkùnrin. Òfin ogún wọn sì sọ pé ilé àti ilẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan tí ó jẹ́ ọkùnrin, ní ọjọ́ tí baba bá kú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, bí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, owó ọwọ́ rẹ̀ di ti ọkọ. Àfi ní 1882 ni òfin tó fi ohun ìní obìnrin abilékọ lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Nítorí náà, ìbéèrè pé ta ni ọmọbìnrin yóò fẹ́ jẹ́ ìbéèrè pé níbo ni yóò máa sùn, kí ni yóò máa jẹ. Àwọn àgbà wa, tí wọ́n mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ ìdílé, ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ rírì irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kó wọn jù. Ẹni tí ó bá ju ìwé nù kò ní rí ohun tí ìwé náà fi pamọ́.

Ibi ìfipamọ́ yìí gan-an ni ẹjọ́ wa pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Austen kì í fi owó pamọ́. Gbogbo ènìyàn inú ìwé rẹ̀ ni a mọ iye tí ń wọlé fún un lọ́dọọdún. Ọkùnrin tí ọmọbìnrin náà fẹ́ nígbẹ̀yìn, pọ́n-ùn 10,000 ni tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìṣirò mọ́lẹ̀. Georgette Heyer, tí ó tẹ *Regency Buck* jáde ní 1935, ni ó sọ ọdún 1811 sí 1820, nígbà tí ọmọ ọba ń ṣe àkóso dípò bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá, di ibi ìṣeré fún àwọn òǹkọ̀wé ìfẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó ń wádìí jinlẹ̀ ni: bí bọ́tìnnì ṣe rí, bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe rí, gbogbo rẹ̀ ni ó mọ̀. Barbara Cartland tẹ̀lé e, ìwé tirẹ̀ lé ní 700. Láti ọwọ́ wọn dé ọwọ́ àwọn tí ń kọ ọ́ lónìí, aṣọ ṣe déédéé, ijó ṣe déédéé, ṣùgbọ́n oko ti pa rẹ́. Àwọn dúùkù wá ń pọ̀ sí i bí ẹní pọn omi, bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà gan-an, gbogbo dúùkù tí ó wà ní ìjọba náà kò tó 40.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan. Alágbàṣe oko ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ń gba nǹkan bí ṣílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ó lé díẹ̀ níbòmíràn, ó dín díẹ̀ níbòmíràn. Bí kò bá sinmi lọ́sẹ̀ kan nínú ọdún, pọ́n-ùn 26 ni yóò rí. Owó ọdún kan ọkùnrin inú ìwé Austen yẹn jẹ́ owó ọdún kan alágbàṣe tí ó lé ní 380. Níbo ni àwọn 380 náà wà nínú ìtàn ìfẹ́ tí ẹ ń kà? A rí ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn. A rí ẹni tí ó gbé tíì wá. A rí ẹlẹ́ṣin tí kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n pápá tútù tí ó wà lára èèpo ìwé, tí ó lọ salalu láìsí ahéré kan, láìsí ènìyàn kan tí ó tẹ̀ ba, ta ni ó ń ro ó?

Ìdáhùn wà, kò sì farasin. Láàárín 1604 àti 1914, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó lé ní 5,000 láti sọgbà yí ilẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ ń lò ká, kí ó sì di ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ kíkankíkan ni ìgbà tí àwọn ìwé wọ̀nyí yàn fún eré ìfẹ́. Ilẹ̀ tí tálákà ti ń da màlúù kan ṣoṣo rẹ̀, tí ó ti ń ṣa igi ìdáná, di ilẹ̀ olówó. Ẹni tí a bá ká mọ́ inú igbó olówó lóru pẹ̀lú àwọ̀n tí ó fẹ́ fi mú ehoro, òfin tí wọ́n ṣe ní 1816 lè rán an lọ sí òkè òkun fún ọdún méje. Ẹ rántí pé pápá ọdẹ yìí kan náà ni dúùkù ti ń gun ẹṣin lówùúrọ̀ kí ó tó wá pàdé olólùfẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí wà láti ẹnu ẹni tí ó rí i. John Clare, ọmọ alágbàṣe tí òun náà jẹ́ alágbàṣe, ni a bí ní 1793 ní abúlé Helpston, ní agbègbè Northamptonshire ìgbà náà. Ní 1809 ni òfin ìsọgbà dé orí ilẹ̀ abúlé rẹ̀. Ó rí i bí wọ́n ṣe gé igi, bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ di ewì. Ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1820. Àwọn ọlọ́lá ìlú Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ́wọ́ fún un fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ni ó kú sí ní 1864. Northamptonshire yìí kan náà ni Austen fi ilé ńlá inú *Mansfield Park* sí, ìwé tí ó jáde ní 1814. Agbègbè kan, ìgbà kan. Ọ̀kan ń wo pápá láti ojú fèrèsé, èkejì ń wò ó láti ìdí ọkọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwé ìfẹ́ tí ó dé ọwọ́ wa, a kò tíì rí ẹyọ kan tí ó rántí ìdí ọkọ́.

Wọn kò sì dákẹ́, àwọn tí ìwé pa lẹ́nu mọ́. Ní 1830, àwọn alágbàṣe gúúsù dìde. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìpakà tí ó gba iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí a fi kún owó wọn. Ìjọba yẹgi fún ènìyàn 19, wọ́n sì kó nǹkan bí 500 sínú ọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà. Ní 1834, ní abúlé Tolpuddle ní agbègbè Dorset, owó àwọn alágbàṣe ti wálẹ̀ láti ṣílè mẹ́sàn-án dé méje, wọ́n sì ń gbọ́ pé yóò di mẹ́fà. Àwọn mẹ́fà nínú wọn búra pé àwọn yóò ṣe ẹgbẹ́. Nítorí ìbúra náà ni a ṣe rán wọn lọ sí òkè òkun fún ọdún méje; nígbà tí ìlú pariwo, ìjọba dárí jì wọ́n ní 1836. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kò sí ìtàn ní ìgbèríko yàtọ̀ sí ti ijó àti lẹ́tà, ẹ fi Tolpuddle dá a lóhùn.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oko tí a kò rí nínú ìwé kò parí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣúgà tí wọ́n ń bù sínú tíì lálẹ́ ijó, oko ìrèké ní Bábádọ́ọ̀sì, ní Jàmáíkà àti ní Antigua ni ó ti wá, àwọn ẹrú ni wọ́n sì ń ro oko náà. Ẹ lọ wo ilé Harewood ní agbègbè Yorkshire, irú ilé tí ayàwòrán ń fi sí èèpo ìwé gan-an. 1759 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ fún Edwin Lascelles. Owó tí bàbá rẹ̀ kó jọ nínú òwò Bábádọ́ọ̀sì ni ó gbé e dúró. Nígbà tí òfin 1833 sì fòpin sí oko ẹrú ní abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn mílíọ̀nù 20 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Wọn kò fún ẹrú ní kọ́bọ̀. Olówó ẹrú ni wọ́n fún. Olórí ìdílé Harewood gba ohun tí ó lé ní pọ́n-ùn 26,000 lórí ènìyàn tí ó lé ní 1,200. Gbèsè tí ìjọba jẹ láti san owó náà, 2015 ni wọ́n tó san án tán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a wà ní ìhín. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìṣọ́ tiwọn ní Ouidah. Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú gba Àjàṣẹ́ lọ sí etí òkun. Àìmọye ènìyàn ni a kó láti etí òkun wa yìí lọ sí àwọn erékùṣù ìrèké. Àwa kì í ṣe àlejò nínú ilé dúùkù. Àwọn ìbátan wa wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nínú àwo ṣúgà.

Austen pàápàá mọ̀. Baálé ilé inú *Mansfield Park* ní oko ní Antigua. Nígbà tí ó padà dé láti ibẹ̀, Fanny, ọmọ tálákà tí wọ́n gbà tọ́, bi í léèrè nípa òwò ẹrú. Gbogbo ará ilé sì dákẹ́ lọ gbári. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni nínú ìwé ńlá, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wà níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gba ijó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ìbéèrè sílẹ̀.

A mọ èsì tí àwọn ọ̀dọ́ yóò fún wa. Wọn yóò ní ayé ti yí padà, wọn yóò sì dárúkọ *Bridgerton*, fíìmù alátẹ̀léra tí Netflix gbé jáde ní ìparí 2020 láti inú àwọn ìwé Julia Quinn. Níbẹ̀, dúùkù jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ayaba náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìtàn náà sì ní ìgbéyàwó ọba pẹ̀lú rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn ọlá fún àwọn ènìyàn dúdú. A wò ó. Ẹwà wà níbẹ̀, inú wa sì dùn láti rí irú ojú wa nínú aṣọ sáńyán òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdùnnú náà rọlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣì wà níbi tí ó wà. Ta ni ó ń ro oko dúùkù dúdú yìí? Níbo ni ṣúgà tíì rẹ̀ ti wá? A yí àwọ̀ ẹni tí ó jókòó sórí àga padà, a kò wo ẹni tí ó ru àga náà. Bí ìfẹ́ ọba kan bá tó láti pa ìgbà náà rẹ́, a jẹ́ pé àwọn tí ó jìyà rẹ̀ jìyà lásán, nítorí pé ẹnì kankan kò tètè dá ijó sílẹ̀.

Wọn yóò tún ní: eré ni. Bẹ́ẹ̀ ni, eré ni, àwa náà sì fẹ́ràn eré. Ṣùgbọ́n ìgbà ewé ni eré ti ń kọ́ni ní ohun tí ó yẹ kí a máa fojú sùn. Ẹni tí ó bá ka ọgọ́rùn-ún ìwé tí ilé ńlá ti wà láìsí alágbàṣe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ilé ńlá a máa hù bí olú. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń fi ìfẹ́ ṣeré náà, ẹ jẹ́ kí a máa ríran.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ wà lórí tábìlì wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ìtàn ìfẹ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí, a sì dúpẹ́. Láti 1998 tí àwọn atẹ̀wé ní Abidjan ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé ìfẹ́ Adoras, a ti mọ̀ pé ìfẹ́ lè gbé àdúgbò wa, kí ó sì rí òǹkàwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìtàn tí ó kọjú sí ayé àtijọ́: ọmọ ọba kan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin arẹwà kan, àgbàlá ààfin tí a gbá mọ́ tónítóní. Ta ni ó gbá a? Ta ni ó pọn omi? Kò sí ẹrú, kò sí ìwọ̀fà, kò sí obìnrin tí a fi ta ọba lọ́rẹ láìbi í léèrè. A ti bọ́ ẹ̀wù dúùkù, a gbé e wọ ọmọ ọba. Bẹ́ẹ̀ sì ni a mọ̀ pé àwọn ọba wa ní ẹrú, pé Àjàṣẹ́ tà lára wọn, pé nígbà tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, àwọn ará Kétu di ìkógun títí di 1894 tí ìlú tó tún padà gbérí. Ìyá ìyá àwọn kan lára àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ti sùn nínú oko ẹlòmíràn. Bí àwa náà bá wá kọ ìtàn ìfẹ́ tí kò rántí wọn, ẹnu wo ni a ó fi bá òyìnbó wí?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn àgbà, ẹ fi àwọn ìwé náà sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ẹ kúkú bá àwọn ọmọ jókòó kí ẹ jọ kà wọ́n, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ìgbéyàwó ń náni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa kà wọ́n, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín mì bí dúùkù bá kúnlẹ̀; ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ìwé dé, ẹ béèrè ohun tí Fanny béèrè, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ẹ kọ ìfẹ́ fún wa, ẹ kọ ọ́ kí ó dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí alágbàṣe kọjá lójú ọ̀nà bí àwọn olólùfẹ́ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní orúkọ. Bí ẹ bá sì láyà tó, ẹ jẹ́ kí òun náà fẹ́ràn ẹnì kan. A ti ka ìfẹ́ àwọn tí ó ni pápá fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì. Ojú ìwé ìròyìn yìí ṣí sílẹ̀ fún ìfẹ́ ẹni tí ó ro ó.